Gíríìnì káàdì láìbúra: ìdáhùn fún àbúrò tó fẹ́ lọ tọ́jú bàbá rẹ̀

Àbúrò mi, mo ti ka ìbéèrè rẹ. O ní o ti ní gíríìnì káàdì, ìyẹn ìwé tó gba àjèjì láyè láti máa gbé Amẹ́ríkà títí lọ, bàbá rẹ ò sì fẹ́ kí o búra di ọmọ Amẹ́ríkà. Ní báyìí àìsàn ti dá bàbá dùbúlẹ̀ ní Abẹ́òkúta, o fẹ́ lọ dúró tì wọ́n fún bí ọdún kan àbọ̀. O wá ń béèrè bóyá èèyàn lè máa fi káàdì gbé Amẹ́ríkà títí ọjọ́ ogbó, àti bóyá ìrìn àjò yìí kò ní ba tìrẹ jẹ́.

Èèyàn lè fi gbé e. Èmi tí mò ń dá ọ lóhùn yìí, ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń fi káàdì gbé Houston, mi ò sì tíì búra. Ọ̀rọ̀ inú ìbúra yẹn ni kò lọ lẹ́nu mi. Wọ́n á ní kí o na ọwọ́ sókè, kí o sọ pé o kọ ìjọba ilẹ̀ yòówù tí o ti jẹ́ ọmọ rẹ̀ tẹ́lẹ̀ sílẹ̀ pátápátá. Mo mọ̀ pé ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 kò gba ìjẹ́-ọmọ-ìlú lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n bí ní ọmọ Nàìjíríà tó bá gba ti ibòmíràn mọ́ ọn. Ọ̀pọ̀ ará wa ló ti búra tí ìwé ìrìnnà Nàìjíríà wọn ṣì wà lọ́wọ́ wọn, mi ò sì bá ẹnikẹ́ni wí. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ́ lẹ̀jẹ́ ń jẹ́ lójú tèmi. Ọ̀rọ̀ bàbá rẹ yé mi dáadáa.

Ohun tó yẹ kí o mọ̀ ni pé ọjọ́ ìparí tí wọ́n kọ sára káàdì kọ́ ló yẹ kó bà ọ́ lẹ́rù. Ọdún mẹ́wàá tí wọ́n máa ń fún un, ti káàdì nìkan ni. Ipò rẹ kì í bá a parí. Wàá kọ fọ́ọ̀mù I-90 láti fi gba káàdì tuntun, láti oṣù kẹrin 2024 ó jẹ́ dọ́là 415 lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ìwé tí wọ́n bá sì fún ọ pé wọ́n ti gbà á á fi oṣù 36 kún ọjọ́ orí káàdì náà. Ohun tí wọ́n ń wò gan-an ni ibi tí ilé rẹ wà. Tí o bá pẹ́ lẹ́yìn odi ju ọjọ́ 180 lọ, òfin gbà wọ́n láyè láti máa bi ọ́ léèrè bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tọrọ àyè àtiwọlé. Tó bá ti lé ní ọdún kan, káàdì nìkan ò tó fi wọlé mọ́.

Ó ṣẹlẹ̀ sí mi nígbà tí ìyá mi ń ṣàìsàn, tí mo dúró sí Ìbàdàn ju oṣù mẹ́fà lọ. Bí mo ṣe padà dé, òṣìṣẹ́ kan mú mi wọ yàrá ẹ̀yìn ní pápákọ̀ òfurufú. Ó bi mí iṣẹ́ tí mò ń ṣe, ó bi mí ẹni tó ń san owó ilé mi. Kí n tó dáhùn tán, ó ti ti ìwé kan síwájú mi, ó fi bírò lé e lórí, ó ní tí mo bá ti fọwọ́ sí i ọ̀rọ̀ á parí. I-407 ni wọ́n kọ sára rẹ̀. Mo kà á láti òkè délẹ̀: ohun tó wà níbẹ̀ ni pé èmi fúnra mi ni mo fínnúfíndọ̀ dá káàdì mi padà. Mo dá bírò padà fún un. Mo ní mi ò ní fọwọ́ sí i, ẹ jẹ́ kí n rí adájọ́. Mo wá tú báàgì mi: ìwé owó orí, ìwé háyà ilé, bíìlì iná, lẹ́tà ibi iṣẹ́ pé wọ́n fún mi láyè láti lọ tọ́jú ìyá mi, ìwé ọsibítù láti Ìbàdàn. Ó pe ọ̀gá rẹ̀. Ọ̀gá yẹn ka lẹ́tà ibi iṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó wojú mi, ó fi òǹtẹ̀ lu ìwé ìrìnnà mi.

Jọ̀wọ́, mú ọ̀rọ̀ yìí dání. Kò sí òṣìṣẹ́ pápákọ̀ tó lágbára láti gba ipò yẹn lọ́wọ́ rẹ tí o ò bá fọwọ́ sí i. Iwájú adájọ́ ìmígíréṣọ̀n ni wọ́n á gbé ọ lọ, ìjọba ló sì gbọ́dọ̀ mú ẹ̀rí wá pé o ti kó kúrò. Àwọn àgbàlagbà wa tí wọn ò gbọ́ òyìnbó dáadáa ló ń dùn mí jù, torí wọ́n á rò pé ìwé àtiwọlé ni wọ́n ń fọwọ́ sí.

Má dìbò láéláé ní Amẹ́ríkà. Níbi tí wọ́n ti ń gba láísẹ́ǹsì ọkọ̀, wọ́n lè bi ọ́ bóyá kí wọ́n kọ orúkọ rẹ sílẹ̀ fún ìbò. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni kí o wí. Ẹni tó bá pe ara rẹ̀ ní ọmọ Amẹ́ríkà láti fi dìbò, wọ́n lè torí ẹ̀ lé e kúrò nílùú. Igbó tí wọ́n ń tà ní gbangba ní Colorado àti California, má fọwọ́ kàn án, òfin ìjọba àpapọ̀ ṣì kà á léèwọ̀. Tí ẹjọ́ bá sì dé, láti 2010 ni ilé ẹjọ́ tó ga jù ti sọ pé lọ́yà gbọ́dọ̀ ṣàlàyé fún ẹni tí kì í ṣe ọmọ ìlú bóyá gbígbà pé ó jẹ̀bi lè lé e padà sílé. Bi í léèrè kí o tó lanu.

Ibi tí àìbúra ti gún mi lọ́kàn ni ti ìyá mi. Ọmọ Amẹ́ríkà tó ti pé ọdún 21 nìkan ló lè kọ̀wé béèrè fún òbí rẹ̀. Ọkọ tàbí aya, àti ọmọ tí kò tíì ṣègbéyàwó, ni ẹni tó ní káàdì lè béèrè fún. Ìyá mi ò lè wá máa gbé lọ́dọ̀ mi, èmi ni mò ń lọ síbẹ̀ títí wọ́n fi lọ. Tí o bá ní ọmọ tó bá ọ wọ̀lú, tí kò tíì pé ọdún 18, tó sì ń gbé lọ́dọ̀ rẹ pẹ̀lú káàdì tirẹ̀, ìbúra rẹ á sọ òun náà di ọmọ Amẹ́ríkà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Àwọn tèmi, ibí ni mo bí wọn sí, kò kàn wọ́n. Ṣe ìṣirò yìí pẹ̀lú bàbá rẹ, kí wọ́n mọ̀ pé ó lè kan àwọn fúnra wọn.

Ní ti ìrìn àjò rẹ: má tíì ra tíkẹ́ẹ̀tì. Kọ fọ́ọ̀mù I-131 fún ìwé àṣẹ ìpadàwọlé nígbà tí o ṣì wà ní Amẹ́ríkà, torí wọn kì í gbà á lọ́wọ́ ẹni tó ti jáde. Dúró kí wọ́n ya ìka ọwọ́ rẹ. Lẹ́yìn ìyẹn o lè máa lọ. Ọdún méjì ni wọ́n sábà máa ń fún èèyàn, o sì lè ní kí wọ́n fi ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì Amẹ́ríkà nílùú Èkó. Má ti àkáǹtì báǹkì rẹ pa. Kọ ìwé owó orí ní gbogbo ọdún tí o bá fi wà nílé, kí o kọ ọ́ bí olùgbé Amẹ́ríkà. Tí o bá pe ara rẹ ní àjèjì níbẹ̀, ìwé yẹn ni wọ́n á fi mú ọ. Tí owó tó wà ní àwọn báǹkì rẹ ní Nàìjíríà bá lé ní 10,000 dọ́là lápapọ̀ nígbàkígbà láàárín ọdún, kéde rẹ̀ fún ìjọba Amẹ́ríkà. Kí o sì yẹ ọjọ́ tó wà lára ìwé ìrìnnà Nàìjíríà rẹ wò, kí o má baà há.

Ohun kan ṣẹ́kù. Tí ọkàn rẹ bá yí lọ́jọ́ iwájú tí o fẹ́ búra, ìwé àṣẹ ìpadàwọlé yẹn kò ní gba ọdún tí o ti kà tẹ́lẹ̀ fún ìbúra là. Ẹni tó bá lo ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nílé á tún dúró fún ọdún mẹ́rin ó lé ọjọ́ kan lẹ́yìn tó bá padà, kó tó lè kọ̀wé. Tí o bá ti pé iye ọdún tí wọ́n ń béèrè kí èèyàn tó búra báyìí, sọ fún bàbá rẹ kí ẹ jọ pinnu kí o tó wọkọ̀.

Tí wọ́n bá ti ya ìka rẹ tán, kọ̀wé sí mi, màá ṣàlàyé bí mo ṣe to àwọn ìwé tèmi. Bá mi kí bàbá, Ọlọ́run á wò wọ́n sàn.