Kí ló dé tí àwọn tó ń sáré kẹ̀kẹ́ sprint (eré kúkurú tí wọ́n ń sá yí pápá ká) fi máa ń rọra lọ níbẹ̀rẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé eré ni wọ́n wá sá?

Torí atẹ́gùn ni: ẹni tó bá wà níwájú ló ń ja atẹ́gùn fún ẹni tó wà lẹ́yìn ẹ̀, torí náà kò sẹ́ni tó fẹ́ kọ́kọ́ ṣíwájú. Ẹni tó bá ti rí ọlọ́kadà tó sá sẹ́yìn tírélà lọ́nà Ìkòròdú sí Ṣágámù á mọ nǹkan tí mò ń sọ.

Èèyàn méjì ló ń figa gbága, tí pápá yẹn bá jẹ́ mítà 250 wọ́n á yí i po lẹ́ẹ̀mẹta, àmọ́ mítà 200 tó kẹ́yìn ni wọ́n máa ń ka àkókò ẹ̀, tó bá sì ti ku èèyàn mẹ́jọ, ẹni tó bá kọ́kọ́ borí lẹ́ẹ̀mejì ló wọlé. Ìgbà míì wọ́n á tiẹ̀ dúró sójú kan lórí kẹ̀kẹ́ láìfẹsẹ̀ kanlẹ̀, kí ẹnì kejì lè kọjá síwájú, iṣẹ́ ńlá gbáà nìyẹn torí kẹ̀kẹ́ yẹn ò ní bíréèkì rárá, pẹ́dà ẹ̀ náà ò sì ń dúró tí táyà bá ṣì ń yí. Òfin ò gbà kí wọ́n dúró bẹ́ẹ̀ ju ìṣẹ́jú àáyá 30 lọ. Wọ́n tún máa ń gun òkè ibi tí pápá ti dagun, kí wọ́n lè já wálẹ̀ pẹ̀lú ìsáré. Harrie Lavreysen, ará Netherlands tó gba góòlù ní Paris lọ́dún 2024, mọ̀ ọ́n ṣe gan-an.

Eré tí wọ́n fi ń yan àwọn tó máa wọ ìpele àkọ́kọ́ yàtọ̀ o, kálukú ló ń dá sá mítà 200 tiẹ̀ níbẹ̀, kò sí pé à ń ṣọ́ ara wa.