Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Kòkòrò dúdú tó jáde nínú èèpo ìdin

Ìbéèrè: Ìdin ń ba gbòǹgbò kábéèjì mi jẹ́. Mo kó àwọn èèpo pupa rúsúrúsú tí ìdin náà sé ara rẹ̀ mọ́ sínú ìgò. Eṣinṣin jáde nínú díẹ̀, kòkòrò dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ tí ìyẹ́ rẹ̀ kò bo ìdí sì jáde nínú àwọn yòókù. Ṣé kí n fín in?

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fín in o. Kì í fẹnu kan gbòǹgbò. Aleochara ni, ìyẹn ìsọ̀rí kòkòrò tí onímọ̀ kòkòrò kan, Gravenhorst, sọ lórúkọ ní 1802. Bí gbogbo ara rẹ̀ bá dú, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ Aleochara (A.) bilineata. Bí àmì pupa bá wà lára ìyẹ́ rẹ̀ méjèèjì, A. bipustulata ni, ó kéré sí ìkejì rẹ̀, èèpo kéékèèké ló sì fẹ́ràn. A. curtula ní tirẹ̀, ìdí òkú ẹran ló wọ́pọ̀ sí.

Àgbà wọn ń jẹ ẹyin àti ìdin eṣinṣin, àmọ́ iṣẹ́ ọmọ wọn ló yà wá lẹ́nu jù. Inú iyẹ̀pẹ̀ nítòsí gbòǹgbò ni abo ń yé sí. Ọmọ tó bá pa, tí kò gùn tó mìlímítà 2, á wá èèpo ìdin kiri, á fi eyín dá a lu, á wọlé. Ibẹ̀ ni yóò ti lẹ̀ mọ́ eṣinṣin tí kò tíì gbó, tí yóò sì jẹ ẹ́ tán. Bí méjì bá wọ èèpo kan, ọ̀kan ṣoṣo ló ń yè é.

Ẹ wo àwọn èèpo tó ti ṣófo. Eṣinṣin máa ń ṣí orí èèpo bí ìdérí. Ti kòkòrò yìí, ihò tó fi eyín họ ni, etí rẹ̀ kò gún.

Kí ẹ lè mọ bí wọ́n ṣe pọ̀ tó, ẹ wa iyẹ̀pẹ̀ ìdí kábéèjì bíi 10, ẹ rò ó pọ̀ mọ́ omi. Èèpo á léfòó. Ẹ tò wọ́n sórí iyanrìn tó tutù díẹ̀ nínú ìgò, ẹ fi aṣọ bo ẹnu rẹ̀. Bí omi bá pọ̀ jù, èbu á bò wọ́n. Bí iyanrìn bá gbẹ, wọ́n á kú sínú. Ẹ má sì da ìgò nù nígbà tí eṣinṣin bá jáde tán, nítorí kòkòrò yìí máa ń fi ọ̀sẹ̀ mélòó kan pẹ́ jù ú lọ.

Pípẹ́ yìí náà ni kùdìẹ̀-kudiẹ rẹ̀: eṣinṣin àkọ́kọ́ á ti yé kó tó jáde. Ẹ fi àwọ̀n tí ojú rẹ̀ kéré bo kábéèjì lọ́jọ́ tí ẹ bá gbìn ín, kí ẹ ri etí àwọ̀n mọ́lẹ̀. Ẹ má dà oògùn sí ìdí rẹ̀, torí á pa ọmọ kòkòrò tó ń wá èèpo kiri. Ilẹ̀ tí ìdin kò tíì wọ̀ sì ni kí ẹ lò, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, abẹ́ àwọ̀n gan-an ni eṣinṣin á ti jáde.