Èsì: Ìdí tí tẹ̀tẹ̀ ẹlẹ́gùn-ún fi bo àgbàdo yín

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Ẹ bi mí bóyá inú àpò NPK, ajílẹ̀ oníkẹ́míkà tí ẹ lò, ni tẹ̀tẹ̀ ẹlẹ́gùn-ún tó bo àgbàdo yín ti wá. Rárá, kì í ṣe ibẹ̀ ló ti wá. Fífọ́n tí ẹ fọ́n ajílẹ̀ náà káàkiri ló fà á. Tẹ̀tẹ̀ máa ń yára fa náítírójìn, oúnjẹ ewéko tó wà nínú NPK, ju àgbàdo kékeré lọ, náítírójìn ọ̀hún sì tún máa ń jí irúgbìn èpò tó ti sùn sínú ilẹ̀.

Ní ti ìbéèrè yín pé kí ló dé tí oko aládùúgbò, tó lo NPK kan náà, kò rí bẹ́ẹ̀: ẹ wo ìyá èpò, ìyẹn èyí tó so irúgbìn náà. Ẹ̀yin náà lẹ sọ pé orí ààtàn àtijọ́ ni tiyín wà. Tẹ̀tẹ̀ tó so níbẹ̀ lésìí ti jẹ náítírójìn inú ààtàn náà yó. Nínú àwọn èpò kan, irúgbìn tí ìyá rẹ̀ rí náítírójìn dáadáa kì í sùn pẹ́. Òjò kan péré, gbogbo wọn á yọ lẹ́ẹ̀kan náà.

1. Ẹ ro ó báyìí, kó tó so. Ẹ ra orí òdòdó rẹ̀ lọ́wọ́: bí hóró dúdú tó ń dán bá já bọ́, ẹ kó o jáde, ẹ má fi sílẹ̀ láàárín ebè.
2. Nígbà míì tí ẹ bá fẹ́ lo NPK, ẹ má fọ́n ọn mọ́; ẹ gbẹ́ ihò kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdí àgbàdo, ẹ da ajílẹ̀ sí i, kí ẹ bò ó.

Tẹ̀tẹ̀ àti irú rẹ̀ nìyẹn o. Bó bá jẹ́ èkan ni, ọ̀rọ̀ yàtọ̀: abẹ́ ilẹ̀ ló ń gbà ràn, ilẹ̀ tó ti ṣá gan-an kì í dá a dúró.