Seymour ń Pa Mí Lórí Òkè Yìnyín: Ṣé Kí N Padà Lọ Wá Agbára Sí I?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Lugbe ni mò ń gbé, níbí l'Ábújá. Géèmù bọ́ọ̀lù àti géèmù ìjà ni mo mọ̀ látilẹ̀. Nígbà tí mo ra PS4 Slim àlòkù, ẹni tó tà á fún mi fi Final Fantasy X/X-2 HD Remaster, géèmù ìtàn àti ìjà láti Japan, ṣe ènì. Mo kọ́kọ́ fojú tín-ínrín rẹ̀, àmọ́ ní báyìí n kì í sùn bọ̀rọ̀ mọ́. Mo ti dé Mount Gagazet, òkè tí yìnyín bò, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Seymour sì ń fi mí ṣẹ̀sín níbẹ̀. Ó máa ń sọ ọ̀kan nínú àwọn ènìyàn mi di zombie, kí n tó ṣẹ́jú pẹ́ẹ́, onítọ̀hún ti kú. Lọ́tọ̀, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti fi géèmù náà sílẹ̀ kó sinmi (Rest Mode), tí iná aláwọ̀ ọsàn ń tàn níwájú PS4, tí mo lọ síbi iṣẹ́. Kí n tó dé, wọ́n ti mú iná lọ, gbogbo ohun tí mo ṣe lálẹ́ àná sì ti ṣòfò. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n padà sísàlẹ̀ lọ máa pa àwọn ẹranko kéékèèké fún ọjọ́ mẹ́ta kí n lè lágbára. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

Ìdáhùn: Àbúrò, má tíì lọ pa ẹranko kankan. Ìwòsàn ló ń pa àwọn ènìyàn rẹ, kì í ṣe àìlágbára.

Fara balẹ̀ wo ìjà yẹn. Ọ̀tá méjì ló wà níbẹ̀. Ohun ràgàjì tó wà lẹ́yìn Seymour ń jẹ́ Mortiorchis, òun náà sì ń jà nígbà tó bá kàn án. Seymour á fi Lance of Atrophy gún ẹnì kan, onítọ̀hún á di zombie. Mortiorchis á wá ju Full-Life lu ẹni náà. Full-Life yìí kan náà ló máa ń jí òkú dìde, ṣùgbọ́n òfin géèmù yìí ni pé ohun tó ń wo alààyè sàn ló ń pa zombie. Bí ìwọ fúnra rẹ bá sáré ju Cure tàbí Hi-Potion, tí wọ́n jẹ́ ohun ìwòsàn, sí i, o ti ń bá Seymour ṣiṣẹ́ nìyẹn.

O sì ti bá òfin yìí pàdé rí. Ṣé o rántí Evrae Altana, ẹranko inú omi ní Via Purifico? Zombie ni, egbòogi ìwòsàn ló ń dùn ún jù. Àwọn tó ṣe géèmù náà ti kọ́ ọ níbẹ̀. Lórí òkè yìí ni wọ́n ti ń dán ọ wò. Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nìyẹn: ohun tí ọ̀gá ńlá kan yóò fi dà ọ́ láàmú, wọ́n á ti fi hàn ọ́ níbòmíràn tẹ́lẹ̀.

Holy Water ló ń yọ zombie kúrò lára ènìyàn. Ra púpọ̀ dání kó o tó padà lọ bá a. Ìhámọ́ra tó ní Zombie Ward náà ń ṣèrànwọ́, èyí tó ní Zombieproof kì í jẹ́ kó ràn ọ́ rárá. Rikku, ọ̀kan nínú àwọn ènìyàn rẹ, lè fi wọ́n kún ìhámọ́ra bó o bá ní èròjà rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìgbà wo ni wà á lò ó? Ibí ni ẹ̀yin tí ẹ ti ìdí géèmù bọ́ọ̀lù wá ti máa ń ṣìnà. Ẹ ti mọ̀ pé ẹni tí ìka rẹ̀ bá yá ló ń jẹ, ẹ wá ń tẹ bọ́tìnnì X bí ẹní ń lé eṣinṣin. Final Fantasy X kò mọ ìka. Nígbà tó bá kàn ọ́, gbogbo nǹkan dúró. O lè lọ gbé omi ẹ̀bà kaná, kó o padà wá bá Seymour níbi tó o fi í sí. Wo apá ọ̀tún lókè ojú tẹlifíṣọ̀n, wọ́n to ẹni tó kàn àti ẹni tó tẹ̀lé e síbẹ̀. Bí ọlọ́pọ́n ayò ṣe máa ń ka ọmọ inú ihò kó tó mú un ni kó o máa ka orúkọ yẹn. Bí ẹnì kan tìrẹ bá wà láàárín Seymour àti Mortiorchis, ìgbà Holy Water nìyẹn. Bí kò bá sí, gbà pé ẹni yẹn á kú, kó o múra Phoenix Down, tó ń jí òkú dìde, sílẹ̀. Haste tí Tidus ní wà fún èyí gan-an: ó ń jẹ́ kó tètè kàn yín.

Ohun mìíràn tí ọ̀pọ̀ kì í gbìyànjú ni májèlé. A ti mọ̀ pé májèlé kì í sábà ran àwọn ọ̀gá, a kì í wá dán an wò mọ́, ṣùgbọ́n ó ń ran Seymour yìí, ó sì ń jẹ ẹ́ lára gidi. Jẹ́ kí Lulu tètè ju Bio, idán májèlé, lù ú, nítorí tó bá yá, Seymour á fi Reflect bora, ohun tó o bá jù á sì padà sára rẹ. Bí Mortiorchis bá sì ti kéde pé òun fẹ́ pa yín run, má bá a fa ọ̀rọ̀. Jẹ́ kí Yuna pe aeon kan (ẹ̀dá alágbára tó ń pè wá jà) tí Overdrive rẹ̀, ìyẹn ìkọlù àkànṣe rẹ̀, ti kún, kó lu àlùbami, kó sì fara gba Total Annihilation dípò yín. Seymour kì í jẹ́ kí aeon pẹ́ lójú ìjà, nítorí náà má fi ìgbà kan ṣoṣo tó ní ṣòfò.

Ní ti ọ̀rẹ́ rẹ, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ìwọ̀nba òótọ́ nínú. Láti ìgbà Dragon Quest àkọ́kọ́ ní 1986 àti Final Fantasy àkọ́kọ́ ní 1987 ni àwọn ará Japan ti fi pípa ẹranko kéékèèké kún irú géèmù yìí, ẹni tó bá fẹ́ fi agbára nìkan jà á sì lè ṣe é. Lójú tèmi, ọjọ́ mẹ́ta ti pọ̀ jù fún oníṣẹ́. Yẹ nǹkan kan wò ná: ṣé gbogbo ènìyàn rẹ ló ń jà? Ẹni tí kò bá ṣe ohunkóhun nínú ìjà kì í gba AP (máàkì ìjà), bí kò bá sì gba AP, kò lè rìn lórí Sphere Grid, àwòrán ojú ọ̀nà tí wọ́n ti ń gba agbára tuntun. Mo fura pé Tidus, Auron àti Yuna nìkan lò ń lò. L1 ló ń pààrọ̀ ènìyàn láàárín ìjà, kò sì sí owó tí wọ́n ń gbà lórí ẹ̀. Nínú ìjà kọ̀ọ̀kan, mú ẹni tó jókòó wọlé, kó gbá ọ̀tá lẹ́ẹ̀kan, kó jáde. Irọ̀lẹ́ kan tàbí méjì irú èyí wúlò ju ọjọ́ mẹ́ta ọ̀rẹ́ rẹ lọ.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ iná, iṣẹ́ mi gan-an nìyí. Iná ọlọ́sàn yẹn kì í ṣe pé PS4 ti fi géèmù rẹ pamọ́. Ó kàn ń rántí rẹ̀ fúngbà díẹ̀ ni, iná ló sì ń fi rántí. Wọ́n mú iná lọ, ó gbàgbé. Kó o tó dìde, dé ibi Save Sphere, fi iṣẹ́ rẹ pamọ́, kó o sì pa PS4 pátápátá. Má máa fi pamọ́ sórí ojú (save slot) kan náà ní gbogbo ìgbà. Lo ojú méjì tàbí mẹ́ta yípo, torí bí iná bá lọ láàárín kíkọ, èyí tó ń kọ lọ́wọ́ lè bàjẹ́. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ki USB bọ̀ ọ́, lọ sí Settings, wọ Application Saved Data Management, kó o ṣe ẹ̀dà rẹ̀ síbẹ̀.

UPS kékeré (ẹ̀rọ oníbátìrì tó ń gbé iná bí wọ́n bá mú un lọ), irú 650VA tí wọ́n ń lò fún kọ̀ǹpútà, tó fún ọ. PS4 Slim kì í fà ju 165 wáàtì lọ, nítorí náà UPS náà á gbé e pẹ̀lú tẹlifíṣọ̀n kékeré fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kó o fi sáré dé Save Sphere tàbí tan jẹnẹrétọ̀. Bó o bá fẹ́ ra àlòkù, ra bátìrì tuntun sí i, torí bátìrì ló ń kọ́kọ́ kú nínú wọn.

Save Sphere kan wà kó o tó dé ọ̀dọ̀ Seymour. Fọwọ́ kàn án kí ara gbogbo yín yá, fi pamọ́, kó o tó gòkè. Bó o bá sì ṣẹ́gun, inú ihò àpáta tó ń bọ̀ níwájú ní omi tó jẹ́ pé Tidus, Wakka àti Rikku nìkan ló lè wọ̀ ọ́. Má jẹ́ kí Rikku kẹ́yìn nídìí AP.