Líìfù ọdọọdún: kó o tó lọ bá ọ̀gá ẹ jà

Àbúrò, mo ka ẹjọ́ tó o rò. O ní o ti lo ọdún kan ó lé díẹ̀ níbi iṣẹ́, o tọrọ líìfù, ọ̀gá ẹ ní àfi ẹni tó bá pé ọdún méjì, pé tó bá ká ẹ lára tó bẹ́ẹ̀ òun á kúkú sanwó ẹ̀ fún ẹ kó o máa báṣẹ́ lọ. Àwọn tó kọ́kọ́ dá ẹ lóhùn ní ọjọ́ 21 ni òfin sọ, pé kó o gbé e lọ kóòtù kíá. Rọra o. Ilé-iṣẹ́ oníke ni mo ti ṣiṣẹ́ tipẹ́, ìdí ẹ̀rọ ni mo wà, líìfù yìí gan-an ló sì dá wàhálà sílẹ̀ láàárín èmi àti mánéjà wa.

Ọjọ́ 21 ò sí nínú òfin. Labour Act, ìyẹn òfin iṣẹ́ Nàìjíríà tó ti wà nílẹ̀ látọdún 1971, abala 18 ẹ̀, ohun tó sọ ni pé òṣìṣẹ́ tó bá ti ṣe oṣù 12 láìdáwọ́dúró lẹ́tọ̀ọ́ sí ọjọ́ iṣẹ́ 6 ó kéré tán, kí owó ẹ̀ sì pé. Ọjọ́ mẹ́fà! Lójú tèmi ìtìjú ni, àmọ́ ohun tó wà níbẹ̀ nìyẹn, tó o bá sì lọ dúró níwájú HR, àwọn tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, tó ò ń pariwo ọjọ́ 21, wọ́n á kàn tẹ abala yẹn jáde ni, wọ́n á fi ẹ́ rẹ́rìn-ín. Wọ́n ṣe é fún ẹnì kan tá a jọ ń ṣe iṣẹ́ alẹ́, ojú tì wá bá a.

Ọ̀rọ̀ ọdún méjì tí ọ̀gá ẹ ń sọ, ó níbi tó ti rí i. Òfin gbà kí òṣìṣẹ́ àti ọ̀gá jọ fẹnu kò láti sún líìfù síwájú, àmọ́ kò gbọ́dọ̀ kọjá oṣù 24. Jọ fẹnu kò ni mo wí o, kì í ṣe kí ẹnì kan jókòó sí ọ́fíìsì ẹ̀ kó máa dá òfin ṣe. Ṣé o buwọ́ lùwé kankan tó jọ bẹ́ẹ̀? Tí o ò bá ṣe é, o ò gbà nìyẹn.

Ti owó tó fẹ́ fi rà á lọ́wọ́ ẹ yẹn gan-an ló jẹ́ kí n jókòó kọ èyí. Abala kan náà ló ní kò bófin mu kí wọ́n san owó dípò ìsinmi fún òṣìṣẹ́ tó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú wa ló fẹ́ràn owó yẹn, owó iléèwé ọmọ ò gbọ́ ìsinmi, ká má tan ara wa, ṣùgbọ́n ìdí tí mánéjà fi fẹ́ràn ẹ̀ ni pé ẹ̀rọ ò ní dúró, kò sì ní wá ẹlòmíì sípò ẹ. Ẹni tó bá wá ń tòògbé nídìí ẹ̀rọ rèé, ìka ni ẹ̀rọ máa ń gbà lọ́wọ́ ẹ̀. Ìgbà tó o bá ń fiṣẹ́ sílẹ̀ nìkan ni owó wọ ọ̀rọ̀ náà: tó bá ti tó oṣù 6 látìgbà tí líìfù ti tọ́ sí ẹ kẹ́yìn, kí wọ́n ṣírò ìdá tó kàn ẹ́ kí wọ́n san án. Ọ̀pọ̀ ló ń fi í sílẹ̀ lọ torí wọn ò béèrè.

Èmi ò fi òfin bá mánéjà mi jà. Lẹ́tà tí wọ́n fi gbà mí síṣẹ́ ni mo lọ hú jáde nísàlẹ̀ àpótí, mo bá a níbẹ̀ pé ọjọ́ iṣẹ́ 14 ni fún ẹni tí wọ́n bá ti kọnfáàmù, ìyẹn ẹni tí wọ́n ti fìdí iṣẹ́ ẹ̀ múlẹ̀. Ọjọ́ 6 tòfin ni wọn ò gbọ́dọ̀ rẹlẹ̀ jù lọ, èyí tó bá lé tí wọ́n fọwọ́ ara wọn kọ fún ẹ, tìẹ ni. Mo kọ lẹ́tà, mo mú ìgbà tí iṣẹ́ máa ń dẹ̀, mo dárúkọ ẹni tó ti gbà láti dúró fún mi, mo ṣe ẹ̀dà méjì, akọ̀wé HR buwọ́ lu èyí tó wà lọ́wọ́ mi, ó kọ déètì sí i. Mánéjà ò dáhùn. Mo tún kọ òmíràn, mo so ẹ̀dà ti àkọ́kọ́ mọ́ ọn. Ó pè mí, ó bú mi dáadáa, ó ní mo ti wá di lọ́yà, mo dákẹ́ títí ó fi tán nínú ẹ̀. Ó fọwọ́ sí i kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí. Kò bá mi rẹ́rìn-ín fún ìgbà pípẹ́ ṣá, ìyẹn ò pa mí.

Má sì jẹ́ kí wọ́n yọ ọjọ́ àìsàn kúrò nínú líìfù ẹ. Abala 16 ló ni ti àìsàn, ọjọ́ iṣẹ́ 12 lọ́dún pẹ̀lú owó, tí dókítà tó forúkọ sílẹ̀ bá kọ̀wé sí i, ìwé oníkẹ́míìsì ò ṣe é. Oṣù mẹ́fà tí wọ́n ń fún ìyá ọmọ l'Ékòó ní tiẹ̀, òṣìṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ ni wọ́n ṣe é fún ní 2014, kò kan iléeṣẹ́ aládàáni.

O ò tíì sọ irú iṣẹ́ tó ò ń ṣe o. Tó bá jẹ́ mánéjà ni ẹ́, tàbí akáńtáǹtì, Labour Act ò kà ẹ́ mọ́ àwọn tó ń dáàbò bò, lẹ́tà ìgbàsíṣẹ́ ẹ lo máa dì mú. Tó bá jẹ́ òṣìṣẹ́ bíi tèmi tí lẹ́tà kejì ò sì mú nǹkan jáde, kó àwọn ẹ̀dà ẹ lọ sí ọ́fíìsì Ministry of Labour ní ìpínlẹ̀ yín kó o tó máa ronú National Industrial Court, kóòtù tó ń gbọ́ ẹjọ́ ọ̀rọ̀ iṣẹ́. Lọ wo ohun tí lẹ́tà ẹ sọ ná, kó o wá sọ fún wa.