Wọ́n ti àkáǹtì mi pa, ẹ̀rọ ló sì ń dá mi lóhùn: báwo ni mo ṣe lè rí ènìyàn bá sọ̀rọ̀?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ̀búté ní Ìkòròdú ni mò ń gbé, kíkọ kóòdù, ìyẹn àṣẹ tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀ lé, ni mo fi ń jẹun. Mo kọ áàpù kan fún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan ní Ìta-Ẹlẹ́wà, òun ni wọ́n fi ń ṣàkọsílẹ̀ owó tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ń dá. Orí sáfà ilé-iṣẹ́ òkè òkun kan, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń yá ènìyàn lò, ni mo gbé e sí. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè tó kọjá ni wọ́n ti àkáǹtì mi pa, wọ́n ní àwọn rí ohun tó mú ìfura dání. Mo ti kọ ímeèlì 11, èsì kan náà ni ẹ̀rọ ń fi ránṣẹ́. Nígbà tí mo sọ ọ́ láàárín àwa tí a jọ ń kọ kóòdù, wọ́n rẹ́rìn-ín, oníkálukú sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ tirẹ̀. Ẹnì kan tiẹ̀ ti pè mí pé òun mọ òṣìṣẹ́ wọn, kí n san ₦45,000. Ṣé kí n san án? Ibo ni mo ti lè rí ènìyàn gidi? Mo so ímeèlì àkọ́kọ́ tí mo kọ sí wọn mọ́ ọn.

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, kọ́bọ̀ kan kò gbọdọ̀ kúrò lọ́wọ́ rẹ bọ́ sọ́wọ́ ẹni yẹn. Bí irú wọn ṣe ń ṣe é nìyí: wọ́n á wá ẹni tó ti ń pariwo níta pé wọ́n ti àkáǹtì òun, wọ́n á gbowó, wọ́n á wá ní kí o ka nọ́ńbà mẹ́fà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé sórí fóònù rẹ fún àwọn. Nọ́ńbà yẹn ni kọ́kọ́rọ́. Bí o bá fi lè kà á jáde, àkáǹtì tó ṣì ń jẹ́ tìrẹ lónìí á di tiwọn.

Má bínú sí àwọn tó rẹ́rìn-ín. Ní ìsọ̀ mi ní Sábó, bí iná bá ti lọ, tí a kò sì tíì tan jẹnẹrétọ̀, ọ̀rọ̀ yìí náà la máa ń sọ. Ọ̀kan á ní òun kọ̀wé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, àfi bí wọ́n ṣe ní kí òun fi ìràwọ̀ márùn-ún sọ bí ìtọ́jú àwọn ti dára tó. Òmíràn á ní ẹ̀rọ sọ pé kí òun kọ́kọ́ wọlé sínú àkáǹtì kí òun tó lè fẹjọ́ sùn pé òun kò lè wọlé sínú àkáǹtì. A ó rẹ́rìn-ín títí. Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tó wà lábẹ́ ẹ̀rín yẹn: iṣẹ́ ọwọ́ ẹni ló há sẹ́yìn ilẹ̀kùn, owó oníbàárà sì wà lára rẹ̀.

Àwa Yorùbá ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Bí oníṣòwò kan bá já ọ kulẹ̀ ní ọjà Sábó, o mọ ibi tó ń jókòó sí, o lè lọ dúró síwájú rẹ̀. Àwọn ilé-iṣẹ́ wọ̀nyí kò ní ojú tí a lè lọ wò. Facebook nìkan, àwọn tó ń lò ó lóṣù lé ní bílíọ̀nù 3. Kò sí iye òṣìṣẹ́ tó lè máa gbé fóònù fún irú èrò bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀rọ fi ń kọ́kọ́ ka lẹ́tà, tó ń pín in sí ọ̀nà tó yẹ kó gbà. Ènìyàn wà lẹ́yìn ẹ̀rọ náà lóòótọ́, àmọ́ ìṣẹ́jú díẹ̀ ló ní fún ẹjọ́ kan kó tó bọ́ sí òmíràn. Gbogbo ìdáhùn mi dá lé èyí: kọ lẹ́tà tí ẹni yẹn á kà lẹ́ẹ̀kan, tí á sì lè ṣiṣẹ́ lé lórí láìní bi ọ́ ní ohunkóhun.

Wo èyí tí o kọ. Ìlà mẹ́rin ni, mẹ́ta nínú rẹ̀ jẹ́ ẹ̀bẹ̀: o kò ṣe nǹkan kan, kí wọ́n ṣàánú rẹ, oúnjẹ òòjọ́ rẹ ni. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀, ó sì dùn mí nígbà tí mo kà á. Ṣùgbọ́n kò sí nọ́ńbà ẹjọ́ níbẹ̀, èyí tí wọ́n fi ń dá ẹjọ́ kọ̀ọ̀kan mọ̀, kò sí ọjọ́, kò sí aago. Kí ni ẹni tó kà á fẹ́ tẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀? Báyìí ni mo ṣe máa kọ ọ́. Èdè Òyìnbó ni ìwọ máa fi kọ tìrẹ, àmọ́ egungun rẹ̀ nìyí:

"Nọ́ńbà ẹjọ́ mi nìyí, ímeèlì tí mo fi ṣí àkáǹtì nìyí. Ẹ tì í pa ní ọjọ́ Mọ́ńdè, aago 8:14 àárọ̀ UTC. Sáfà kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, àkọsílẹ̀ owó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ló wà lórí rẹ̀. Èmi ni mo ni káàdì tí mo fi ń sanwó. Ní alẹ́ Sọ́ńdè, mo wọlé láti orí kọ̀ǹpútà tuntun. Bóyá òun ló fa ìfura. Mo so ìwé ìdánimọ̀ mi àti rìsíìtì oṣù mẹ́ta mọ́ ọn. Ohun méjì ni mò ń béèrè: kí ènìyàn tún ẹjọ́ yìí wò, bí kò bá sì ṣeé ṣí, kí ẹ fún mi ní wákàtí 48 kí n fi kó dátà àwọn ọmọ ẹgbẹ́ jáde."

Ìbéèrè kejì yẹn ṣe pàtàkì. Ẹni tí kò láṣẹ láti ṣí àkáǹtì fún ọ lè láṣẹ láti jẹ́ kí o kó ẹrù rẹ. Aago UTC, aago kan ṣoṣo tí gbogbo ayé jọ fi ń ṣírò, ni mo lò nítorí pé ibi yòówù kí òṣìṣẹ́ náà wà, ó lè fi wá ọ lórí àkọsílẹ̀ wọn. Wákàtí kan ni tiwa fi ṣíwájú rẹ̀, nítorí náà 9:14 wa ni 8:14 yẹn. Bí ẹ̀rọ wọn bá gbé ọ̀rọ̀ àṣìṣe jáde, dà á kọ bó ṣe rí gẹ́lẹ́, má fi àwòrán ojú fóònù nìkan ránṣẹ́.

Ní ti ímeèlì 11, dáwọ́ dúró. Lọ́pọ̀ ibi, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń ṣí fáìlì tuntun, kò sì sí ẹni tó rí gbogbo ọ̀rọ̀ náà pọ̀. Mú èyí tó ní nọ́ńbà, kí o máa fèsì sábẹ́ rẹ̀ nìkan. Bí wọ́n bá ní ibi tí a ti lè bá wọn sọ̀rọ̀ lójú ẹsẹ̀, má gbìyànjú rẹ̀ láàárọ̀ tiwa. Bó bá jẹ́ San Francisco ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, aago 9 àárọ̀ wọn ni aago 5 ìrọ̀lẹ́ wa, tàbí aago 6 nígbà òtútù wọn.

Mo fẹ́ kí o tún wo káàdì tí o fi ń sanwó, nítorí ibẹ̀ ni mo ti rí i jù pé ọ̀rọ̀ ọmọ Nàìjíríà ti ń wọ́. Káàdì dọ́là orí fóònù tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń lò máa ń gbé àdírẹ́sì Amẹ́ríkà. Ìwọ wà ní Ìkòròdú. Lójú ẹ̀rọ tó ń wá olè, ẹni méjì ni yín. Bí orúkọ àkáǹtì bá tún jẹ́ ìnagijẹ, tàbí tí o bá fi VPN (áàpù tó ń fi ibi tí ènìyàn wà pamọ́) wọlé, ìfura á tún pọ̀ sí i. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, sọ ọ́ fún wọn fúnra rẹ nínú lẹ́tà, kó má bàa jẹ́ pé àwọn ló máa kọ́kọ́ rí i.

Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ á ní kí o ṣí àkáǹtì tuntun, tàbí kí o ní kí báǹkì gba owó oṣù tó kọjá padà fún ọ. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Wọ́n lè tì èyí tuntun náà, owó tí báǹkì bá sì fi ipá gbà padà lè mú kí wọ́n ti èyí àkọ́kọ́ títí láé.

Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá láìsí èsì ènìyàn, òfin wà. Ọdún 2023 ni a ṣe òfin ààbò dátà Nàìjíríà, abala 37 rẹ̀ sì dá lórí ìpinnu tó jẹ́ pé ẹ̀rọ nìkan ló ṣe é lórí ènìyàn. Tọ́ka sí i nínú lẹ́tà rẹ, kí o béèrè fún ènìyàn. Àjọ tó ń bójú tó òfin náà, NDPC, ń gba ẹ̀sùn. Àjọ FCCPC náà ń gbọ́ ẹjọ́ oníbàárà. Má rò pé ọwọ́ wọn kò tó òkè òkun: ní oṣù Keje 2024, FCCPC bu owó ìtanràn mílíọ̀nù 220 dọ́là lé Meta, ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà tó ni Facebook. Ọ̀nà yìí kò yá, mi ò ní tàn ọ́, àmọ́ ìwé tí o bá kọ sí wọn yàtọ̀ sí ariwo.

Kóòdù rẹ ńkọ́? Bó bá jẹ́ Git, irinṣẹ́ tó ń tọ́jú gbogbo àyípadà inú kóòdù, ni o lò, fọkàn balẹ̀ díẹ̀: gbogbo ìtàn iṣẹ́ náà wà lórí kọ̀ǹpútà ẹnikẹ́ni tó bá ti dà á kọ pátápátá. Dátà owó àwọn ènìyàn ni kò sí níbẹ̀. Èyí tí ẹ bá tún gbé dìde, kí ẹ̀dà dátà rẹ̀ máa wá sọ́dọ̀ rẹ lálaalẹ́, síbi tí kì í ṣe ti ilé-iṣẹ́ kan náà.

Èmi náà ti sọ àkáǹtì nù rí. Nọ́ńbà fóònù tí mo fi sílẹ̀ fún ìgbàpadà jẹ́ ti síìmù kan tí mo jù sínú dúrọ́ọ̀, tí n kò fi pe ẹnikẹ́ni fún ọ̀pọ̀ oṣù. Nígbà tí mo pè é, obìnrin kan ló gbé e, ó ní òun ti ra nọ́ńbà náà, ó sì bẹ̀ mí kí n má pe òun mọ́. Kóòdù tó yẹ kó wá sọ́wọ́ mi, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ń lọ. Lónìí, kí o yẹ gbogbo àkáǹtì rẹ wò. Google máa ń fúnni ní kóòdù ìgbàpadà 10, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún ìlò ẹ̀ẹ̀kan. Tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, kí o fi sáàárín ìwé ẹ̀rí rẹ.

Kí o tó fi lẹ́tà tuntun yẹn ránṣẹ́, gun ọ̀kadà lọ sí Ìta-Ẹlẹ́wà, kí o bá akọ̀wé ẹgbẹ́ sọ̀rọ̀ lójúkojú. Má fi WhatsApp sọ ọ́. Sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un, ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀, àti ohun tí o ti ṣe. Ra ìwé àkọsílẹ̀ kan dání, kí ẹ jọ fi rúlà pín ojú ewé rẹ̀, kí owó ọ̀sẹ̀ yìí lè ní ibi tí wọ́n á kọ ọ́ sí.