Báwo la ṣe ń mọ̀ bóyá ètò ìlera ọpọlọ iléeṣẹ́ wa ń ṣiṣẹ́?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Dókítà. Èmi ni mò ń bójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ní iléeṣẹ́ akẹ́rù kan. Ọ́fíìsì wa wà ní Marina, ilé ìkẹ́rùsí wa wà ní Àpápá, òṣìṣẹ́ 420 sì ni wá. Láti ọdún tó kọjá la ti ń sanwó fún ètò tí wọ́n ń pè ní EAP: ẹni tí nǹkan bá ń dà lọ́kàn rú lè pe nọ́ńbà kan, kó bá káńsẹ́lọ̀ sọ̀rọ̀ nígbà 6 láì san kọ́bọ̀. Ènìyàn 11 péré ló ti pè. Ọ̀gá wa ní kí n mú ẹ̀rí wá pé owó náà kò ṣòfò, kí n sì gba orúkọ àwọn tó pè. Kí ni kí n ṣe? Èmi ni Ìyá Ìbejì, Sùúrùlérè.

Ìdáhùn: Ìyá Ìbejì, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀jìrẹ́ á dàgbà.

Ọ̀rọ̀ orúkọ yẹn ni kí n kọ́kọ́ dáhùn, torí òun ló lè ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Ẹ má bèèrè orúkọ ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ iléeṣẹ́ tó ń ṣe ètò náà. Bí wọ́n bá sì fi lè gbé e fún yín, ẹ wá ẹlòmíràn. Òfin Ìdáàbòbò Dátà tí Ààrẹ buwọ́ lù lóṣù kẹfà ọdún 2023 ka ọ̀rọ̀ ìlera ènìyàn sí ohun ẹlẹgẹ́. Lóṣù kìíní ọdún yẹn náà ni wọ́n buwọ́ lu Òfin Ìlera Ọpọlọ tuntun, tó rọ́pò òfin ọdún 1958 tó ń pe aláìsàn ọpọlọ ní wèrè, ó sì ní a kò gbọdọ̀ torí àìsàn ọpọlọ dẹ́yẹ sí ẹnikẹ́ni. Ẹ fi èyí han ọ̀gá yín. Ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fọwọ́ ara wọn buwọ́ lu lẹ́tà kan sí gbogbo òṣìṣẹ́ pé àwọn kò ní bèèrè orúkọ láé. Lọ́jọ́ tí ẹnì kan bá gbọ́ pé orúkọ dé ọ́fíìsì ọ̀gá, kò sí ẹni tí yóò tún pe nọ́ńbà yẹn.

Ẹ sáà wo ibi tí a ń gbé. Láti ọdún 1907 ni ilé ìwòsàn ọpọlọ Yábàá ti ń tọ́jú ènìyàn, síbẹ̀ títí dòní, bí kọ̀ńdọ́ bá fẹ́ bú èrò ọkọ̀, Yábàá ló máa ní kí wọ́n gbé e lọ. Awakọ̀ tírélà tí kò rí oorun sùn láti oṣù méjì mọ̀ pé bí ọ̀gá bá gbọ́, wọ́n lè gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ òun. Obìnrin tí àwọn áàpù ayánilówó ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ dójú tì kò ní fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ níbi iṣẹ́. Irú àwọn wọ̀nyí gan-an ni ètò náà wà fún.

Ní ti 11 nínú 420, kò tó 3 nínú 100. Ó kéré, àmọ́ kì í ṣe ohun ìtìjú. Ní Amẹ́ríkà tí irú ètò yìí ti pẹ́, ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ni iye tó ń pè kì í tó 10 nínú 100 lọ́dún. Ìdí tó fi kéré ni kí ẹ wádìí. Ẹ ka àdéhùn yín. Bó bá jẹ́ pé iye orí òṣìṣẹ́ ni ẹ fi ń sanwó lóṣooṣù, ẹnì kan pè o, ẹnikẹ́ni kò pè o, iye kan náà ló ń wọ àpò wọn, ẹ̀yin lẹ gbọ́dọ̀ máa lé wọn kiri. Ìgbà wo ni wọ́n dé Àpápá gbẹ̀yìn? Ṣé íméèlì ni wọ́n fi ń polongo, nígbà tí àwọn tó ń ru ẹrù kò ní íméèlì iléeṣẹ́? Ṣé wọ́n ń gbọ́ Yorùbá àti Pidgin lórí fóònù? Ẹni tó ń jáde nílé ní Ìkòròdú láago mẹ́rin ìdájí, tó ń padà wọlé láago mẹ́sàn-án alẹ́, ìgbà wo ló fẹ́ pè bí wọ́n bá ń ti ọ́fíìsì láago márùn-ún? Ẹ ní kí ẹnì kan pè wọ́n lálẹ́ ọjọ́ Àìkú, kó wo bó ṣe pẹ́ tó kí wọ́n tó gbé e, kó sì tètè sọ pé òun kàn ń dán wọn wò ni. Kó má purọ́ pé òun fẹ́ pa ara òun o. Ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn gan-an lè máa dúró lórí fóònù lẹ́yìn rẹ̀.

Èyí tó ṣòro jù ni bóyá ara ń tu àwọn tó pè. Irinṣẹ́ wà fún un. Ìwé ìbéèrè kan tó ń jẹ́ PHQ-9 ń béèrè ohun 9 nípa ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tó kọjá, máàkì rẹ̀ sì lọ láti 0 dé 27. Ẹni tó bá gba 10 sókè yẹ kí amòye yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. GAD-7 ni ti àníyàn. Èyí tó kan ibi iṣẹ́ ni Workplace Outcome Suite, tí ẹ̀dà kékeré rẹ̀ kò ju ìbéèrè 5 lọ: wákàtí iṣẹ́ tí ènìyàn pàdánù, bóyá ó wà níbi iṣẹ́ ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò sí níbẹ̀, bóyá iṣẹ́ náà ń wù ú ṣe, bí ayé ṣe rí fún un, àti bóyá àyà rẹ̀ máa ń já láti lọ síbi iṣẹ́. Wọ́n á béèrè rẹ̀ nígbà tó kọ́kọ́ pè, wọ́n á tún béèrè ní nǹkan bí oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà. Àwọn káńsẹ́lọ̀ ni yóò ṣe é. Àpapọ̀ nìkan ni kí wọ́n fún yín.

Àpapọ̀ náà fẹ́ ìṣọ́ra. Ìgbà tí nǹkan bá le jù ni ènìyàn ń pe káńsẹ́lọ̀. Àgbàrá tó kún títì Lekki, bó pẹ́ bó yá á fà, bí a gbọ́n ọn, bí a kò gbọ́n ọn. Ìdààmú àwọn kan náà á rọlẹ̀ fúnra rẹ̀ láàárín oṣù mẹ́ta. Pé máàkì wọn dára sí i kò tíì fi hàn pé káńsẹ́lọ̀ ló ṣe é. Nítorí náà, ẹ fi ìbéèrè 5 yẹn ránṣẹ́ sí gbogbo òṣìṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, láìsí orúkọ, kí ẹ lè rí bí ó ṣe ń lọ fún àwọn tí kò pè pẹ̀lú. Ènìyàn 11 kò tó láti fi ṣírò pé náírà kan mú náírà mélòó wá. Ẹni tó bá bá yín ṣírò bẹ́ẹ̀, ọjà ló ń tà. WHO, àjọ ìlera àgbáyé, àti ILO, àjọ òṣìṣẹ́ àgbáyé, sọ ní 2022 pé ìrẹ̀wẹ̀sì àti àníyàn ń gba ọjọ́ iṣẹ́ bílíọ̀nù 12 lọ́wọ́ ayé lọ́dọọdún. Ọ̀rọ̀ gidi ni, ṣùgbọ́n ẹ má gbé e lọ bá ọ̀gá yín bí ẹni pé Àpápá ni wọ́n ti kà á.

Ẹ má sì pín 11 yẹn sí wẹ́wẹ́. Bí ìjábọ̀ bá ní obìnrin kan láti ilé ìkẹ́rùsí pè nítorí ọkọ rẹ̀, tó sì jẹ́ obìnrin méjì ló wà níbẹ̀, gbogbo ènìyàn ti mọ ẹni náà. Iye tí kò bá tó 5, kí wọ́n má kọ ọ́.

Ní tèmi o, irú ìṣòro tí àwọn tó pè ń gbé wá ló wúlò jù fún iléeṣẹ́, òun sì ni a kì í sábà wò. Ohun tó ń ṣe Abóyadé, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe. Bí àìsùn bá ni púpọ̀ nínú wọn ń sọ, tí àwọn tírélà yín sì ń sun ojú títì kí wọ́n tó ráyè wọ èbúté, kíkọ́ awakọ̀ bí yóò ṣe fara balẹ̀ kò tó. Ẹ tún ìṣètò iṣẹ́ alẹ́ wò. Bí gbèsè bá ni, ẹ wo ọjọ́ tí owó oṣù ń wọlé. Bí máníjà kan bá ń bú àwọn ọmọ abẹ́ rẹ̀ ní gbangba, máníjà yẹn ni kí ẹ pè. Ìlànà WHO ti 2022 lórí ìlera ọpọlọ níbi iṣẹ́ mẹ́nu ba bí iṣẹ́ fúnra rẹ̀ ṣe rí, ó sì ní kí a dá àwọn máníjà lẹ́kọ̀ọ́.

Ẹ tún bi iléeṣẹ́ tó ń ṣe ètò náà ní ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìgbà 6. Ẹni tó ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́, tàbí tó ń ronú àtipa ara rẹ̀, ilé ìwòsàn ló yẹ ẹ́: Yábàá, LUTH ní Ìdí-Àràbà, tàbí LASUTH ní Ìkẹjà. Ṣé wọ́n ń wádìí bóyá ẹni tí wọ́n darí lọ débẹ̀? Ta ló ń sanwó? Ẹ wo ìwé adójútòfò ìlera (HMO) yín bóyá ó kan ọ̀rọ̀ ọpọlọ.

Ẹ fún wọn ní oṣù 6. Kí wọ́n wá sí Àpápá lójúkojú, kí wọ́n gbé fóònù lálẹ́, kí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí lo ìbéèrè 5 náà. Bí wọ́n bá ṣe gbogbo èyí tí iye tó ń pè kò sì kúrò lójú kan, ẹ pe àwọn òṣìṣẹ́ díẹ̀ jókòó, kí ẹ bi wọ́n ní ohun tó ń bà wọ́n lẹ́rù. Bí wọn kò bá ṣe é, ẹ má tún àdéhùn náà ṣe.